Garawa Òkun Kan ní Làfíàjì

Ẹja kẹrin kú láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀.
Mo bá a lẹ́yìn òkúta, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀,
ojú rẹ̀ ti funfun bí ẹyin aláǹgbá.
Ṣíbí ọbẹ̀ ìyá Ṣakírátù ni mo fi gbé e jáde.
Kò mọ̀. Ẹ má sọ fún un.

Láti ojú fèrèsé òkè ilé wa
mo ń rí ọ̀sà tó ń dán bí páànù tuntun.
Omi yí wa ká ní Èkó yìí, ọ̀tún, òsì, ẹ̀yìnkùlé,
síbẹ̀ mo ń fowó ra iyọ̀ inú àpò
tó ti òkè òkun wá, kí n lè fi po òkun.
Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín.
Mo ti gbìyànjú ti ọ̀sà rí:
Múfútáù ọlọ́kọ̀ bá mi pọn kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta;
òórùn epo bẹntiróòlù ló kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn
kí Múfútáù fúnra rẹ̀ tó dé òkè.

Àwọn tí a jọ fẹ̀yìn tì ní èbúté Àpápá
ń ta ayò, wọ́n ń ka ìwé ìròyìn.
Èmi ń ka omi.
Mo ń kán oògùn sínú ìgò tín-ínrín,
ẹ̀kán mẹ́jọ, mo gbọ̀n ọ́n, mo dúró.
Bó bá pọ́n bí èso ìyeyè, ara tù mí.
Bó bá di àwọ̀ ewé, ọ̀ràn dé:
májèlé tó ti ara ìgbẹ́ ẹja wá,
ti ara àjẹkù, ti ara òkú tí ẹnìkan ò rí sin.
Wọ́n ní láti orí ni ẹja ti ń rà.
Tèmi kọ́. Inú omi ni ìrà tèmi ti bẹ̀rẹ̀,
nígbà tí ẹja ṣì ń bá òjìji rẹ̀ ṣeré.

Mo mọ ọjọ́ náà.
Mo lọ sìnkú ẹ̀gbọ́n mi ní Ẹ̀pẹ́, ọjọ́ mẹ́ta péré.
Mo ní kí Wàídì ọmọ ọmọ mi fún wọn lóúnjẹ,
ìwọ̀n orí ìka, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́.
Aláàánú lọmọ náà. Ó ní wọ́n ń wo òun lójú.
Ó da ìdajì agolo sí i.
Lálẹ́ ọjọ́ kejì iná lọ,
ẹ̀rọ tó ń ru omi sókè dákẹ́,
àwọn kòkòrò tí ojú kò rí, tí ń gbé inú òkúta,
tí ń jẹ ìdọ̀tí kó tó di ikú,
àwọn ló kọ́kọ́ lọ. Ẹnikẹ́ni ò ṣọ̀fọ̀ wọn.

Mo dé, ilé ń rùn bí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi.
Mi ò na Wàídì.
Ọwọ́ tó fún ni jù, báwo la ṣe ń na ìyẹn?

Ó kọ́kọ́ ṣe mí bíi kí n da gbogbo rẹ̀ nù.
Ṣùgbọ́n omi tuntun lójijì a máa pa ẹja
bí ògbólógbòó omi ṣe ń pa á.
Nítorí náà mo ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá,
mo ń fi omi ẹ̀rọ tó ti sun oorun alẹ́ méjì nínú garawa dípò,
iyọ̀ rẹ̀, mo wọ̀n ọ́n bí ẹni ń wọn wúrà.
Ooru a sì tún máa fa omi lọ, a fi iyọ̀ sílẹ̀:
mo máa ń gbàgbé, mo máa ń fi iyọ̀ kún iyọ̀.
Àgbà ń kọ́ ìwé.

Mẹ́rin ló kù. Ọ̀kan pọ́n bí ọsàn,
ilà funfun mẹ́ta lára, a ń pè é ní Alábàjà.
Lánàá, aago méjì òru, iná tún lọ.
Mo ń wá tọ́ọ̀ṣì nínú òkùnkùn
nígbà tí mo gbọ́ omi tó ń dún, wọ̀ọ̀, wọ̀ọ̀:
ìyá Ṣakírátù ti dúró tì wọ́n pẹ̀lú ife,
ó ń bù ú, ó ń dà á padà látòkè
bí ẹni ń fẹ́ kí ẹ̀kọ gbígbóná tutù fọ́mọ,
kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú omi.
Mo mú ife kejì.
A ń bù, a ń dà, a ò sọ̀rọ̀,
títí ìrun àfẹ̀mọ́júmọ́ fi dún ní mọ́ṣáláṣí.
Nígbà náà ló wá bi mí:
“Ṣíbí mi dà?”